Kí ló dé tí kọfí yín ń ṣàn bí omi? Ẹ wá ibi tí àléébù wà kí ẹ tó ra ẹ̀rọ mìíràn

Ẹ̀rọ kọfí ti kúrò ní nǹkan tí olówó nìkan ń lò. Àwọn kan ní in nílé, wọ́n ń mu ife kan kí wọ́n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di òwò: wọ́n ń se kọfí láàárọ̀, wọ́n ń bu ú sí fúlásìkì, wọ́n sì ń gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn kan ń tà á pẹ̀lú búrẹ́dì àti míìtì páì nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ń lò ó ní ilé ìtura kékeré. Ẹ̀dùn ọkàn kan náà ló sì ń da gbogbo wọn pọ̀: kọfí tó ń jáde kì í ki. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì, kò sì dún lẹ́nu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rò ni pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Wọ́n á ta á ní gbàǹjo tàbí kí wọ́n gbé e sábẹ́ àga, wọ́n á sì lọ ra òmíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ á tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹ̀rọ ló ní ẹ̀bi. Owó ńlá lẹ fi ṣòfò yẹn. Fún ẹni tó ń tà á, òfò mìíràn tún wà níbẹ̀. Oníbàárà tó mu kọfí tó ṣàn kì í sábàá bá yín jà. Yóò san owó rẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò sì yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ tọ́ka sí àwọn ohun tó ń mú kí kọfí ṣàn, bí ẹ ṣe lè dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àtúnṣe tí ẹ lè ṣe fúnra yín láìpe oníṣẹ́ iná.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Obìnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Melitta Bentz, tó ń gbé ní ìlú Dresden, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí fífi bébà sẹ́ kọfí ní ọdún 1908. Ní ọdún 1954, wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ Wigomat ní Jámánì kan náà, èyí tó ń fi iná mànàmáná gbé omi gbígbóná sórí kọfí. Nígbà tó di ọdún 1972, ẹ̀rọ Mr. Coffee dé ọjà ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà sì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa lónìí, bó jẹ́ tuntun bó jẹ́ tòkunbọ̀, ọmọ ìyá wọn ni.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò le. Omi á ṣàn láti inú táńkì gba inú fáàfù kékeré kan tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn. Á wọ inú páìpù tín-ín-rín tó wà lábẹ́ àwo tí jọ́ọ̀gì máa ń jókòó lé. Ẹlimẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ páìpù náà. Bí omi bá ti ń hó níbẹ̀, ooru rẹ̀ á máa ti omi sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé orí, yóò sì máa kán sórí kọfí tó wà nínú bébà asẹ́. Kò sí pọ́ńbù nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Híhó omi nìkan ló ń gbé omi rìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ló máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ ẹfun tí a máa sọ níwájú.

Nínú 100 gíráàmù kọfí, nǹkan bíi 30 péré ni omi lè yọ́. Ìyókù dà bí igi, kò lè yọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernest Lockhart, tó ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ìwádìí rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960 pé kọfí máa ń dùn jù tí omi bá yọ 18 sí 22 nínú 100 gíráàmù náà. Bí kò bá yọ tó bẹ́ẹ̀, kọfí á kan, á sì tẹ́ lẹ́nu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á korò. Gbogbo àtúnṣe tí a máa ṣe, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bu kọfí náà sí ife láìfi mílíìkì tàbí ṣúgà sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Ahọ́n yín máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún yín.

Bó bá ṣàn ṣùgbọ́n tí kò kan, tí kò sì korò, a jẹ́ pé omi pọ̀ ju kọfí lọ díẹ̀. Ìwọ̀n lẹ máa tún ṣe.

Bó bá ṣàn tó sì kan bíi pé ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, omi kò rí adùn kọfí náà yọ. Ó lè jẹ́ pé wọn kò lọ̀ ọ́ kúnná tó, pé omi kò gbóná tó, tàbí pé omi sáré kọjá lára rẹ̀.

Bó bá ṣàn tó tún korò, èyí máa ń ya èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Kọfí tí ẹ fi sí i kéré púpọ̀, omi tí ẹ dà lé e pọ̀. Omi náà ti yọ gbogbo adùn rẹ̀ tán, ó wá ń fi ọwọ́ họ ìkorò ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí ẹ bá fi kọfí kún un, ìṣàn àti ìkorò náà á jọ lọ.

Ìwọ̀n: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọfí àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Specialty Coffee Association fi ìlànà lélẹ̀ pé 55 gíráàmù kọfí ló yẹ fún 1 lítà omi. Ẹ lè dín in kù díẹ̀ tàbí kí ẹ fi kún un gẹ́gẹ́ bí ẹnu yín ṣe fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dà á rú ni ọ̀rọ̀ "ife" tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń se ife 12, kì í ṣe ife tí àwa ń lò nílé ló ń sọ. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wá láti Amẹ́ríkà, ife kan jẹ́ nǹkan bíi 150 mìlílítà. Lára àwọn tó wá láti Yúróòpù, ó sábà máa ń jẹ́ 125 mìlílítà. Kọ́ọ̀pù ńlá tí a fi ń mu tíì nílé wa ń gba 300 mìlílítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ife méjì ti ẹ̀rọ náà ni kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tiwa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀rọ oníife 12 láti Amẹ́ríkà ń gba 1.8 lítà omi tó bá kún. Bí a bá fi 55 lọ́nà 1.8, ó jẹ́ 99. Ká pè é ní 100 gíráàmù kọfí. Síbí ìjẹun kan tí kò ga kọfí jọ máa ń gba nǹkan bíi 5 gíráàmù, ìyẹn ni pé síbí 20 ló yẹ kó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bu síbí 6 sí i, 30 gíráàmù ló fi sí i, kò tó ìdá mẹ́ta ohun tó yẹ. Irú kọfí bẹ́ẹ̀ kò lè ki láéláé, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ tó wọ́n jù láyé lẹ fi sè é.

Ẹ̀rọ láti Yúróòpù tó jẹ́ oníife 10 ń gba 1.25 lítà. Kọfí tó yẹ ẹ jẹ́ nǹkan bíi 69 gíráàmù. Bí ẹ bá sì fẹ́ se kọ́ọ̀pù ńlá kan fún ara yín nìkan, 300 mìlílítà omi fẹ́ kọfí 16 sí 17 gíráàmù.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ra ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Síbí kì í sọ òótọ́, nítorí pé kọfí tí wọ́n yan dúdú fúyẹ́ ju èyí tí wọ́n yan pupa lọ. Síbí kan náà kò ní gba ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá agolo kékeré kan tó gba ìwọ̀n náà gẹ́lẹ́, kí ẹ fàmì sí i lára. Ọmọ ilé tàbí ọmọ iṣẹ́ yín kò ní í ṣì í mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ wo ìṣirò yìí

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò mọ̀ pé kọfí wọn ṣàn. Wọ́n kàn rò pé èrè wà nínú fífà á gùn ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Páálí kọfí 250 gíráàmù, tí ẹ bá fi 55 gíráàmù sí lítà kan, ó máa gba 4.5 lítà omi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi náà ló ń dé inú jọ́ọ̀gì. Gíráàmù kọfí kan máa ń mu nǹkan bíi mìlílítà 2 dúró sínú ara rẹ̀. Nítorí náà, ìdajì lítà ti bá èérún kọfí lọ, ó ku lítà 4. Ife oní-200 mìlílítà 20 nìyẹn.

Ká ní N6,000 lẹ ra páálí náà, tí ẹ sì ń ta ife kan ní N800. Kọfí inú ife kan jẹ́ N300, ó ku N500 lórí ife kan kí ẹ tó yọ owó mílíìkì, ṣúgà, ife àti iná. Fún oníbàárà 20, N10,000 nìyẹn.

Wàyí o, ká ní ẹ fa páálí náà gùn kó lè di ife 30. Kọfí inú ife kan di N200, ó ku N600 lórí ife kan. Lójú, èrè ti wọlé, nítorí pé oníbàárà 20 á mú N12,000 wá. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rin péré nínú ogún oníbàárà náà bá yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nítorí pé kọfí yín ń ṣàn, ó ku 16. Ẹ fi N600 lọ́nà 16, ó jẹ́ N9,600. Ẹ ti pàdánù N400 lórí ohun tí ẹ ń pa tẹ́lẹ̀, ẹ sì ti pàdánù èèyàn mẹ́rin tó lè mú ẹlòmíràn wá. Iye owó tí a lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀ kí ẹ sì tún un ṣírò. Bí kọfí bá wọ́n, ó sàn kí ẹ dín ife kù tàbí kí ẹ fi owó díẹ̀ lé e ju kí ẹ da omi lù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́ àti bó ṣe pẹ́ tó

Tí ìwọ̀n bá pé tí kọfí ṣì ń ṣàn, tó sì kan, ẹ wo bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́. Fún ẹ̀rọ tó ń kán kọfí, ó yẹ kí hóró rẹ̀ rí bíi ṣúgà oníhóró tàbí yanrìn. Bó bá rí gbàǹgbà bí àgbàdo tí wọ́n fọ́ fún adìyẹ, omi á kọjá lára rẹ̀ láìrí nǹkan mú. Bó bá sì kúnná bí ẹ̀lùbọ́, á dí bébà asẹ́, omi á kún bo etí, kọfí á korò.

Ẹ má ṣe gbé kọfí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ata. Òórùn ata àti àlùbọ́sà kò ní kúrò lára rẹ̀. Bílẹ́ńdà ilé náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé ó máa ń lọ àwọn kan kúnná, á sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ ní gbàǹgbà. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa mì í láàárín, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó máa yí lọ láìdúró.

Ọjọ́ orí kọfí tún ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti yan án ni òórùn dídùn rẹ̀ ti ń fò lọ, bí wọ́n bá sì ti lọ̀ ọ́, ó ń yára sí i. Atẹ́gùn, ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Páálí tí ẹ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ní ilé ìdáná fún oṣù méjì kò lè fún yín ní kọfí tó dún lẹ́nu mọ́. Ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa lò tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ dà á sínú agolo tó dé pinpin, kí ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ra hóró rẹ̀, kí ẹ máa lọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ sè lójoojúmọ́.

A tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: kọfí inú agolo tàbí sàṣẹ́ẹ̀tì tó ń yọ́ sínú omi gbígbóná, irú Nescafé tó jáde ní Switzerland ní 1938, kì í ṣe ti ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ti sè é, wọ́n sì ti gbẹ ẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá dà á sínú bébà asẹ́, ẹ kàn ń fi ẹ̀rọ ṣòfò ni.

Bébà asẹ́, ihò omi àti jọ́ọ̀gì

Nígbà mìíràn, kọfí tó, ó sì kúnná bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n omi kò kàn án dọ́gba. Ẹ ṣí orí ẹ̀rọ lẹ́yìn tó bá sè tán, kí ẹ wo èérún kọfí. Bí gbogbo rẹ̀ bá rin dọ́gba, ó dára. Bí ihò bá wà ní ojú kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣì gbẹ, ojú kan ṣoṣo ni omi ń gbà kọjá. Ẹ yọ ibi tí omi ń gbà kán sílẹ̀, kí ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì àti abẹ́rẹ́ tú àwọn ihò rẹ̀. Kí ẹ tó tan iná, ẹ mi ilé asẹ́ náà díẹ̀ kí orí kọfí lè tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ rí i dájú pé bébà náà bá ilé asẹ́ mu. Èyí tó kéré jù máa ń wó sínú, omi á sì gba ẹ̀yìn bébà lọ sínú jọ́ọ̀gì láìkan kọfí rárá. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ rin ín kó lè lẹ̀ mọ́ ara ilé asẹ́, kí ẹ sì da omi náà nù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á kò kíyè sí. Kọfí tó kọ́kọ́ kán sílẹ̀ ló ki jù, èyí tó kán gbẹ̀yìn dà bí omi lásán. Ẹni tó bá fa jọ́ọ̀gì yọ láàárín kó lè tètè dá oníbàárà àkọ́kọ́ lóhùn ti fún un ní kọfí tó le jù, ó sì ti fi omi sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ẹ jẹ́ kó kán tán. Kí ẹ tó bu ife àkọ́kọ́, ẹ fi síbí ro jọ́ọ̀gì náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àtúnṣe yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ má sì fi jọ́ọ̀gì sílẹ̀ lórí àwo gbígbóná ju nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lọ. Á korò, ẹ ó sì fẹ́ bu omi lù ú. Ẹ dà á sínú fúlásìkì tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn.

Ẹfun inú páìpù

Omi tó ń kàn kọfí gbọ́dọ̀ gbóná tó láàárín dígírì 90 sí 96. Ohun tó máa ń dí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ni ẹfun, ìyẹn èérí funfun tí ẹ máa ń rí nídìí kẹ́tùlù. Inú omi kànga àti omi bọọhó ló ti ń wá, pàápàá níbi tí òkúta ẹfun bá wà nílẹ̀, bíi agbègbè Ewékorò àti Ṣàgámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹfun á lẹ̀ mọ́ inú páìpù, kò ní jẹ́ kí ooru ẹlimẹ́ǹtì dé ara omi dáadáa, á sì mú kí ọ̀nà omi há.

Ẹ lè fi aago dá a mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ, ẹ da 1 lítà omi sí i láìfi kọfí sí i, ẹ tan án, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó fi kán tán sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe lóṣooṣù. Bí àkókò náà bá ti ń gùn sí i tí iná kò sì yí padà, tí ẹ̀rọ sì ń pariwo tó ń tú èéfín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹfun ti gbilẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé. Ẹ po fínígà funfun pọ̀ mọ́ omi, ìlọ́po kan fínígà sí ìlọ́po méjì omi, kí ẹ dà á sínú táńkì. Ẹ tan ẹ̀rọ. Bó bá kán dé ìdajì, ẹ pa á, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí fínígà lè jẹ ẹfun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án padà kó kán tán. Ẹ wá fi omi mímọ́ nìkan sè é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí òórùn fínígà yóò fi lọ. Má ṣe fi bílíìsì sí i, ẹni kankan kò gbọ́dọ̀ dán an wò, májèlé ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè jẹ ẹfun bákan náà, ṣùgbọ́n ẹran ara ọsàn lè dí páìpù, nítorí náà fínígà ló dára jù.

Ọ̀rọ̀ iná

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí tàwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n ṣe é fún iná tó dúró sójú kan. Iná tiwa máa ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ẹlimẹ́ǹtì gbé omi kò sì lè fara dà á.

Agbára ẹlimẹ́ǹtì kì í bá fólítéèjì dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Ó máa ń yára jù ú lọ. Ẹ̀rọ tó jẹ́ 1,000 wáàtì lórí iná 230, bí iná bá já sí 180, agbára rẹ̀ á di nǹkan bíi 612 wáàtì. Bó bá já sí 160, kò ní tó 500 mọ́. Láti gbé lítà omi kan láti dígírì 27 dé 95, iná 1,000 wáàtì fẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí ooru kankan kò bá ṣòfò. 612 wáàtì fẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Omi tó ń falẹ̀ gòkè bẹ́ẹ̀ á máa tutù lójú ọ̀nà, ilé asẹ́ kò sì ní gbóná. Bí kọfí yín bá dára láàárọ̀ tó sì ń ṣàn nírọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, ẹ má wá ẹ̀bi lọ sára kọfí. Sitébíláísà tó lágbára tó ló máa tún un ṣe.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn sọ ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ẹ̀rọ 1,000 wáàtì. Ẹ wo iye wáàtì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yín kí ẹ tó fi í sára jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà.

Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ yẹ ìdí ẹ̀rọ wò. Bí wọ́n bá kọ 120V sí i, ẹ má ṣe kì í bọ iná wa tààrà. Agbára tó máa wọ inú rẹ̀ á ju ìlọ́po mẹ́ta èyí tó yẹ lọ, á sì jó. Tiransifọ́mà ló fẹ́, kí wáàtì tiransifọ́mà náà sì ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa. Ẹ rántí pé tiransifọ́mà kì í tún iná tó lọ sílẹ̀ ṣe. Bí iná ìta bá já sí 180, èyí tó máa jáde lódì kejì náà á dín kù ní ìwọ̀n kan náà.

Tí iná kò bá sì sí rárá tàbí tó burú jù, a kì í rí àdàn ká má fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ yọ ilé asẹ́, ẹ gbé e lé orí jọ́ọ̀gì tàbí fúlásìkì, ẹ hó omi lórí gáàsì, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ fi ọwọ́ dà á sórí kọfí díẹ̀díẹ̀. Bí Melitta Bentz ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ẹ̀rọ tó dé, ó sì máa ń dáa.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn

Ẹ̀rọ ńlá kì í se kọfí kékeré dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ oníife 12 se ife méjì, kọfí inú rẹ̀ á tẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, omi á sì kọjá kíákíá kí ilé asẹ́ tó gbóná. Ẹ sè é dé ìdajì ó kéré tán, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ oníkápúsù náà kò gbẹ́yìn. Kápúsù kan fún ìsè kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá fi kápúsù kan náà sè lẹ́ẹ̀kejì, omi pupa ni ẹ máa mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín jẹ. Kọfí tó dúdú kì í ṣe kọfí tó ki. Yíyan tí wọ́n yan án pẹ́ ló mú un dúdú. Bákan náà, agbára kaféènì yàtọ̀ sí kíki: Robusta ní nǹkan bí ìlọ́po méjì kaféènì tó wà nínú Arabica. Irú méjèèjì ló ń hù nílẹ̀ Nàìjíríà, Arabica lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, Robusta ní àwọn ibi bíi ìpínlẹ̀ Kogí, Oǹdó àti Èkìtì. Ẹni tó bá ń tà á lè po méjèèjì pọ̀ títí yóò fi rí èyí tí ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀ gbà.

Bí ẹ ṣe máa tẹ̀lé e

Ẹ má ṣe tún nǹkan méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi kọfí kún un lọ́jọ́ kan náà tí ẹ fọ páìpù, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é. Ẹ gbà á báyìí:

1. Ẹ wọn omi àti kọfí: 55 gíráàmù sí lítà kan. Ẹ tọ́ ọ wò.

2. Ẹ ro jọ́ọ̀gì kí ẹ tó bù ú. Ẹ tọ́ ọ wò láti ife àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

3. Ẹ ṣí ilé asẹ́, kí ẹ wo bóyá gbogbo kọfí ló rin.

4. Ẹ ra páálí kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, tí wọ́n lọ̀ bíi ṣúgà oníhóró, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ ń lò.

5. Ẹ fi aago wo bí lítà omi kan ṣe ń pẹ́ tó. Bó bá ń falẹ̀, ẹ fi fínígà fọ páìpù.

6. Bó bá ṣì ń falẹ̀, ẹ sè é nígbà tí iná bá gbé ẹ̀ka dáadáa, tàbí kí ẹ fi mítà wọn fólítéèjì.

7. Bí gbogbo èyí bá dára, tí omi tó ń kán sórí kọfí kò sì dé dígírì 90 lórí tẹmómítà, ìgbà yẹn lẹ lè sọ pé ẹlimẹ́ǹtì ti ń kú. Ẹ wá wo bóyá owó àtúnṣe rẹ̀ sàn ju owó tuntun lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbésẹ̀ keje ni ríra ẹ̀rọ tuntun ti wọlé. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ná yín ju owó ìwọ̀n kékeré kan lọ, ẹ sì lè ṣe wọ́n tán láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ mú bíírò àti ìwé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá mọ iye gíráàmù tó wà nínú ife tó ń tà ti mọ iye tó ń pa lórí rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ náà á sì mọ̀ pé bí ti àná ṣe dùn ni ti òní máa rí.